Ìwé Kànga Bàbá Aasiyah

Bí ẹ bá dé Ìkọ̀tún, tí ẹ kọrí sí ọ̀nà Ìgàndò, tí ẹ bèèrè ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aasiyah tí ń tẹ̀wé, kò sẹ́ni tí kò ní júwe rẹ̀ fún yín. Kóńtẹ́nà aláwọ̀ ewé ni, wọ́n gé fèrèsé sí i lára, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fọ́tókọ́pì. Òjò ti fọ ìdajì ọ̀dà náà dànù. Kò tún un kùn, nítorí ẹni tó bá ń wá a ti mọ̀ ọ́n.

Sìkírátù lorúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀, lórí ẹ̀rọ onírin tí ń dún kàkàkà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń fi rúlà gbá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lórí. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá yìí ní: "Ojú ẹ wà lára ìwé, ìka ẹ wà lára ẹ̀rọ, orí ẹ má dá sí i." Ó ní ẹni tó bá ń ka ohun tó ń tẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á máa sunkún, á sì máa ṣì í tẹ̀. Òfin náà mọ́ Sìkírátù lára. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi tẹ ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìwé tí onílé fi ń lé ayálégbé, ìbúra ilé ẹjọ́ àti iṣẹ́ ìwádìí àwọn ọmọ yunifásítì, tí kò sì mọ ohun tó wà nínú ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ á gba ojú tàbí etí wọlé, á gba ìka jáde, kò ní yà sí ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn èyí púpọ̀. Ẹni tó bá ní àṣírí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e lọ, nítorí Ìyá Aasiyah ò lè sọ ohun tí òun náà ò mọ̀. Òun pàápàá ń fi ṣe fáàrí.

Jibril, ọkọ rẹ̀, agbẹ́kànga ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi bọ́hòlù lónìí, ẹ lè má mọ̀ pé kí Alimosho tó kún báyìí, ọwọ́ àwọn bíi Jibril ni omi wà. Ó gbẹ́ kànga ní Ìkọ̀tún, ó gbẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó gbẹ́ ní Ìgàndò, ó gbẹ́ dé ẹ̀yìn Gowon Estate. Onílé á mú un dé ibi ilẹ̀ gbígbẹ tó ti sán, á ní, "Alágbẹ́, mi ò rò pé omi wà níbí o." Jibril á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Ẹ má wo ojú ilẹ̀, jàre. Ojú ilẹ̀ kì í sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni." Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, onílé á máa fa omi.

Eruku ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́, ó di ẹni tí ń jókòó sórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ń wo ẹni tó ń kọjá. Níbi tó ti ń jókòó náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ àwọn kànga rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan: ilé ẹni tó wà, ohun tí wọ́n bá nísàlẹ̀, ẹni tó fa okùn lọ́jọ́ náà. Sìkírátù ní, "Bàbá Aasiyah, ẹ jẹ́ n máa tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọmọ yín." Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ojoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Jibril á máa sọ, Sìkírátù á máa tẹ̀, fún oṣù mẹ́rìnlá. Ohun tó wà nínú ìwé náà gan-an, n kò lè sọ ọ́ fún yín. Ìdí rẹ̀ á yé yín láìpẹ́.

Nítorí pé orí rẹ̀ kì í dá sí ohun tó ń tẹ̀, Sìkírátù kọ́ ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe ìwé fún atẹ̀wé. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ gbogbo àmì. Bó bá fẹ́ sinmi díẹ̀, kó sọ pé "kọ́mà." Bí ọ̀rọ̀ bá parí, kó sọ pé "fúlúsítọ́ọ̀pù." Jibril fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé. Ó ń pe fúlúsítọ́ọ̀pù bí ẹni tó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Nígbà tí àìsàn wá le, kọ́mà pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, nítorí ibi kọ́mà ló ti ń mí.

Sìkírátù fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà díẹ̀díẹ̀. Jibril kọ̀. Ó ní, "Wọn kì í pe èèyàn wá wo kànga tí ò tíì kan omi. Jẹ́ kó parí." Kò parí. Ikú dé nígbà tí kànga mélòó kan ṣì kù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Sìkírátù ò lè ṣí ìwé náà. Ó kàn ń wò ó láti ìta ni.

Ibi tó ti ń wò ó ni ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé èyí dáadáa. Kọ̀ǹpútà tó lò tẹ́lẹ̀, fíláàṣì àwọn oníbàárà ló pa á: ẹni tó bá mú iṣẹ́ wá á ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, fáírọ́ọ̀sì á bá a wọlé, á sì jẹ ìwé bí ikán. Miriam ló ṣàánú rẹ̀. Inú ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Command. Ó fi ètò tí wọ́n ń pè ní Línúùsì sínú kọ̀ǹpútà mìíràn fún un, ó ní fáírọ́ọ̀sì àdúgbò yìí ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́ta gbáko, ìwé kankan ò sọnù. Miriam fi fódà tí àwọn ìwé ń gbé hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sìkírátù ń mi orí bí ẹni tí àlejò ń pa ìtàn gígùn fún. Kò tún padà débẹ̀ mọ́.

Àtẹ tirẹ̀ ni ojú kọ̀ǹpútà. Àwọn àwòrán kéékèèké tí wọ́n ń pè ní áíkọ́ọ̀nù ló tò síbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ oníbàárà lábẹ́ rẹ̀: lẹ́tà lápá òsì, iṣẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì lápá ọ̀tún. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní igun tí kò sí ohun mìíràn, ló fi KÀNGA BÀBÁ AASIYAH sí. Láàárọ̀, kó tó tan ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, á kọ́kọ́ wo igun yẹn. Kò jẹ́ kí fíláàṣì kankan kan ìwé náà rí, nítorí fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tí Miriam ní kí àwọn fi ẹ̀dà kan pamọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ló kan ará òkèèrè nínú kànga ọkọ òun.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Jibril pé ọdún kan tó ti kú, Aasiyah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, pe ìyá rẹ̀ láti Ìbàdàn. Ó ní, "Màámi, gbogbo ẹbí ló ń bọ̀ wá ṣàdúà ní Sọ́ńdè. Ẹ bá wa tẹ ìwé Bàbá jáde. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́." Sìkírátù gbà. Ó ra bébà tó dára jù ní ọjà, ó ra páálí aláwọ̀ aró tí yóò fi ṣe èèpo rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ le wàyí.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó rí i pé gbogbo áíkọ́ọ̀nù ti pàdánù àwọ̀ wọn, wọ́n di bébà funfun lásán. Orúkọ ṣì wà lábẹ́ wọn, nítorí náà kò kà á sí. Ní ọjọ́ kejì, bó bá fọwọ́ kan ọ̀kan, òjìji rẹ̀ á kù sẹ́yìn. Ní Ọjọ́rú, gbogbo wọn kó jọ sí igun òkè, wọ́n gun ara wọn lórí, kò sì sí orúkọ tó ṣe é kà. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ó fa wáyà yọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún un ki bọ̀ ọ́. Ó yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lára rẹ̀, bóyá òun ló ń dà á láàmú. Ó fi aṣọ tútù nu ojú rẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ojú kọ̀ǹpútà mọ́ fo. Àwòrán òkè aláwọ̀ búlúù tó máa ń wà lẹ́yìn àwọn áíkọ́ọ̀nù nìkan ló kù. Ó wo igun ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga oníke tí Jibril máa ń jókòó sí.

Ó pe Miriam títí, kò wọlé. Miriam wà ní àgọ́ àdúrà ìjọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé, kí ti ayé má bàa dí ti ọ̀run lọ́wọ́. Ọjọ́ Ajé ni Miriam yóò tó dé. Ọjọ́ Àìkú sì ni àdúà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn ẹnjiníà kọ̀ǹpútà wa ní Alimosho. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, fọ́ọ̀mátì lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ò yára: fọ́ọ̀mátì. Ẹ̀rọ ò sọ̀rọ̀: fọ́ọ̀mátì. Lẹ́tà kan ò tẹ̀ dáadáa: "Màámi, a máa fọ́ọ̀mátì ẹ̀ ni." Wọ́n á nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun, ẹ̀rọ á sì máa sáré bí ẹṣin, ẹ̀yin náà á máa dúpẹ́. Ó ti mọ́ gbogbo wa lára débi pé a ò mọ̀ ọ́n sí ìpànìyàn mọ́, ìwẹ̀ la kà á sí. Sìkírátù náà ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó gbé kọ̀ǹpútà sínú báàgì, ó gbé e lọ bá Julius ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Julius tàn án, ó wò ó, ó yọ ṣùtì.

"Mummy, ta ló fi nǹkan yìí sínú ẹ̀?"

"Línúùsì ni. Miriam ló bá mi fi í sí i."

"Línúùsì kẹ̀! Ìyẹn ló fà á nù-un. Nǹkan tí gbogbo ayé ò lò, ẹ̀yin lẹ wá ń lò ó n'Íkọ̀tún. Ẹ jẹ́ n fọ́ọ̀mátì ẹ̀, kí n fún yín ní Wíńdóòsì. Wákàtí kan péré, ó ti parí."

"Ẹnjiníà, ìwé kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́."

"No problem, ma. Ẹ fi hàn mí, kí n kọ́kọ́ kó o pamọ́."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Sìkírátù na ìka sí igun ìsàlẹ̀, ìka náà sì dúró lófuurufú. Òkè aláwọ̀ búlúù ló ń wò ó.

"Ibí yìí ló wà," ló wí. "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ehn, tí ò bá sí níbẹ̀, kí la fẹ́ kó? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yá ná. Kó má di pé mo pa nǹkan yín rẹ́ o, ma. Ṣé ó dá yín lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?"

Èmi ò dá Julius láre. Ẹni tí ò mọ Línúùsì, kó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó bèèrè, ẹ̀ẹ̀mejì. Sìkírátù tún wo ojú kọ̀ǹpútà, láti òkè dé ilẹ̀, láti òsì dé ọ̀tún. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Máa bá a lọ."

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ẹ̀rọ ń sáré. Àwọn áíkọ́ọ̀nù tuntun mẹ́ta tàn yòò lójú rẹ̀. Ti Jibril ò sí lára wọn. Julius ní bóyá ó ti sọnù tẹ́lẹ̀ ni, ó sì kọjú sí oníbàárà mìíràn. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹbí pé, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun. Bébà rere wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ẹnikẹ́ni ò tú u. Sìkírátù sọ fún Aasiyah pé ìwé náà ò tíì jáde. Kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Miriam dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó bá ìpè bíi ogún lórí fóònù rẹ̀. Kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù. Sìkírátù ròyìn bí áíkọ́ọ̀nù ṣe funfun, bí wọ́n ṣe gun ara wọn, bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe mọ́ fo. Bó ṣe ń sọ ọ́, Miriam ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ara sì ń tù ú.

"Ìyá Aasiyah, ẹ fọkàn balẹ̀, ma. Ìwé ò gbé ojú kọ̀ǹpútà rárá. Inú fódà tí mo fi hàn yín lọ́jọ́sí ló ń gbé. Ètò kan ló máa ń lọ wo inú fódà yẹn, tí á wá ya àwòrán ohun tó bá rí síta fún yín. Ètò ayàwòrán yẹn ló dákú, àwọn ìwé yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló ṣe àpdéètì, ó sọ ara ẹ̀ dọ̀tun, àwòrán àtijọ́ wá dàrú mọ́ tuntun. Ká pa ti àtijọ́ rẹ́, ká jáde, ká tún wọlé, ó tán. Kò lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ gbé e wá."

Sìkírátù ò dìde. Ó ní, "Julius ti fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú Miriam. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí i, ó rí Wíńdóòsì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí báàgì rẹ̀.

"Nítorí náà ó wà níbẹ̀," ni Sìkírátù wí. "Nígbà tí mo ní kò sí, ó wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, ma."

Ìyàwó agbẹ́kànga wo ojú ilẹ̀, ó ní omi ò sí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ gbólóhùn yìí jáde, ó sì rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó burú ju ẹkún lọ. Odidi ọgbọ̀n ọdún ló fi ń gbọ́ "Ẹ má wo ojú ilẹ̀" lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ní yàrá, ní ìta, lẹ́nu oúnjẹ.

Miriam gbé ẹ̀rọ lọ sílé, ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbìyànjú láti hú ohun tó sọnù jáde. Ẹ mọ̀ pé ìka tó bá ní oríire ló ń hú ẹ̀pà ní ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́tà onílé kan nípa ṣaláńgá ló rí, àti ìdajì iṣẹ́ ìwádìí ọmọ yunifásítì kan lórí adìẹ. Kò rí kànga kan ṣoṣo. Inú bí Sìkírátù sí Julius, inú bí i sí àgọ́ àdúrà, inú bí i sí Jibril pàápàá, tó ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde. Òun tó tẹ ọ̀rọ̀ gbogbo Ìkọ̀tún sórí bébà, kò ní bébà kan tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ wà. Ìbínú tó bí i sí ara rẹ̀ ni kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Àwọn ará àdúgbò wá kí i, bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tó pàdánù. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì. "Agbè ọ̀hún nìyẹn. Ẹ gbé e lọ o, kẹ́ ẹ bá mi gbé omi mi wá." Wọ́n rọra jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó yá, ó sọ òótọ́ fún Aasiyah lórí fóònù. Aasiyah sunkún, ṣùgbọ́n kò dá a lẹ́bi, nítorí ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, ó ní ohun tí èmi náà ì bá sọ.

"Màámi, kò burú. Ẹ̀yin kúkú lẹ tẹ̀ ẹ́. Ó wà lórí yín. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ bá rántí fún mi, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kànga àkọ́kọ́."

Sìkírátù fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó ṣí ojú ewé tuntun, ó gbé ìka lé e bí ó ṣe máa ń ṣe. Ó di ojú. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀. Ó lé ní igba ojú ìwé tó ti ti etí yìí wọlé, tó ti ti ìka yìí jáde. Ó wá kànga àkọ́kọ́, kò rí i. Ó wá orúkọ onílé kan, ó wá ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bá nísàlẹ̀ ilẹ̀ kan. Orí rẹ̀ mọ́ fo. Ọ̀gá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti kọ́ ọ dáadáa.

"Màámi? Ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni Bàbá sọ?"

Ó gbọ́ ohùn Jibril kedere lórí àga oníke, ó gbọ́ bó ṣe ń fa èémí, ó gbọ́ ibi tó ti ń dúró.

"Kọ́mà," ni Sìkírátù wí. "Ó ní kọ́mà. Ó tún ní kọ́mà. Ó wá ní fúlúsítọ́ọ̀pù."

Aasiyah rò pé àwàdà ni ìyá òun ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí kò gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀, ó gbé bírò sílẹ̀.